Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́: Asẹ́ Afẹ́fẹ́ Ilé Ìgbógbó ní Àsìkò Ọyẹ́

Ilé tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé wà ní Ìgbógbó, ní Ìkòròdú, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Báyékù. Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń gbé ní Houston ni wọ́n kọ́ ọ. Màmá wa àti ọmọ-ọmọ wọn kan ni wọ́n ń gbé inú rẹ̀. Èmi ni mo sì ń bójú tó o láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí ilé náà ń lọ lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi yarí pé àwọn kò fẹ́ kí ẹ̀rọ amúlétutù yọ bí àpótí sí ara ògiri pálọ̀. Irú èyí tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún ni wọ́n ní kí a ṣe: ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó jókòó sókè àjà, tí ó ń gba ẹnu kan fa afẹ́fẹ́ ilé wọlé, tí ó ń mú un tutù, tí ó sì ń gba inú ọ̀pá páànù pín in sí pálọ̀, yàrá ìjẹun àti yàrá Màmá. Ní Houston, inú ọ̀pá kan náà ni ooru ń gbà wọ yàrá nígbà òtútù, nítorí náà asẹ́ tó wà ní ẹnu rẹ̀ kì í sinmi jálẹ̀ ọdún. Tiwa kò ní iṣẹ́ ooru kankan, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ eruku tó tó ti ẹ̀rọ méjì.

Ọjọ́ 20, oṣù Ọ̀pẹ. Ikọ́ Màmá kò lọ láti ọ̀sẹ̀ tí ọyẹ́ ti dé. Òpópónà iwájú ilé kò ní ọ̀dà, ilẹ̀ pupa gidi ni, ọ̀kadà kan ṣoṣo sì ti tó láti da eruku rẹ̀ bo aṣọ tí a sá sórí okùn. Èyí tí a fi ojú rí kọ́ ló burú jù. Púpọ̀ nínú ìkùukùu tó ń bo oòrùn lójú lásìkò yìí ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, pàápàá láti ilẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, èyí tó bá sì lè fò láti ibẹ̀ dé etí ọ̀sà wa ti kúnná débi pé ojú kò lè rí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá fi èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kún un, nítorí ìdí ògiri wa gan-an ni ó ń tú èéfín rẹ̀ sí.

Mo ṣí ẹnu ẹ̀rọ náà lónìí, ìyẹn ojú páànù alásẹ́ tó wà lára àpótí pákó ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Asẹ́ tí àwọn tó fi ẹ̀rọ náà síbẹ̀ fi sílẹ̀ ṣì ni mo bá níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi òwú díńgí ṣe, tí ó fúyẹ́ tí èèyàn lè rí ọwọ́ ara rẹ̀ ní òdìkejì. Àárín rẹ̀ ti di àwọ̀ èlùbọ́. Ní etí rẹ̀ yíká, lára férémù, mo rí ìlà dúdú kan tó gùn bí ẹni fi tìróò fà á, ìlà yẹn ni ó sì sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún mi: afẹ́fẹ́ kò gba inú asẹ́ kọjá tán, ẹ̀gbẹ́ ni púpọ̀ rẹ̀ ń gbà. Mo mú rúlà. Ohun tí wọ́n kọ sí ara asẹ́ náà ni 16 × 25 × 1, ìyẹn ní íǹṣì, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ gan-an jẹ́ 15½ sí 24½, nínípọn rẹ̀ kò sì ju ¾ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é kárí. Nọ́ḿbà orúkọ ni èyí tí wọ́n kọ, wọ́n sì dín asẹ́ náà kù díẹ̀ kí ó lè wọlé láìfúnpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra òmíràn, nọ́ḿbà ara rẹ̀ ni kí ó gbé lọ sọ́jà, kí ó má gbé èyí tí rúlà sọ lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n dín kù yẹn, a gbọ́dọ̀ fi fóòmù ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn dí i, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe nílé yìí.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ẹnìkan ń bọ̀ wá ṣe Kérésìmesì, àwọn yóò fi asẹ́ mẹ́fà rán an, MERV 13, kí ikọ́ Màmá lè dáwọ́ dúró.

MERV yìí ni òṣùwọ̀n tí ASHRAE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ amúlétutù ní Amẹ́ríkà, fi ń sọ bí asẹ́ kan ṣe lè di eruku mú tó, láti 1 dé 16. Máíkírónì ni wọ́n fi ń wọn eruku náà. Ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló wà nínú mílímítà kan, fọ́nrán irun orí kan sì tó nǹkan bí 70. Asẹ́ MERV 8 gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán ìdá 70 nínú 100 eruku tó wà láàárín máíkírónì 3 sí 10, ṣùgbọ́n ti máíkírónì 1 sí 3, ìdá 20 péré ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. MERV 11 ń mú ìdá 85 nínú èyí tó tóbi àti ìdá 65 nínú ti àárín. Èyí tí wọ́n bá pè ní MERV 13 gbọ́dọ̀ mú ìdá 90 àti 85, kí ó sì tún mú ìdá 50 nínú èyí tó kéré jù, láti 0.3 dé 1, níbi tí apá kan nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ wà. Asẹ́ òwú díńgí tiwa yẹn kò kọjá 4. Kòkòrò àti òwú aṣọ ni wọ́n ṣe é fún, kí wọ́n má baà ba ẹ̀rọ jẹ́. Kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn.

Ọjọ́ 2, oṣù Ṣẹẹrẹ. Àwọn asẹ́ dé. Wọ́n dára lójú: páálí líle yí wọn ká, aṣọ funfun inú wọn sì ká wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìdí síkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ilé-ìwé. Mo wo ọfà tó wà lára páálí, mo dojú rẹ̀ kọ inú níbi tí abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ wà, nítorí ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ ni ọfà yẹn gbọ́dọ̀ tọ́ka sí. Mo fi fóòmù dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì tan ẹ̀rọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí súfèé. Mo jẹ́wọ́ pé inú mi dùn sí ìró yẹn, mo rò pé agbára ni.

Ọjọ́ 19, oṣù Ṣẹẹrẹ. Omi kán sí orí àga Màmá láti inú sílìn POP nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà àárọ̀. Nígbà tí n ó fi dé, ó ti di ìṣàn, ibi tó tutù lára sílìn náà sì ti fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde mọ́ ní yàrá wọn. Mo gun àkàsọ̀ wọ òkè àjà, mo tú ìbòrí ẹ̀rọ, mo sì bá kọ́ìlì rẹ̀, ìyẹn àwọn páìpù tó ń mú afẹ́fẹ́ tutù, nínú yìnyín, funfun báláú bí inú fírísà tí wọn kò pa láti ọdún mélòó kan, yìnyín náà nípọn tó ìka méjì ní ìsàlẹ̀.

Mo pe ẹni tó máa ń tún ẹ̀rọ wa ṣe. Ó fi òṣùwọ̀n rẹ̀ sí i, ó wò ó, ó ní, “Tíṣà, gáàsì ti lọ sílẹ̀ o, ẹ jẹ́ kí n fi kún un.” N kò lè bá a wíjọ́ púpọ̀, nítorí gáàsì tó bá dín kù a máa fa yìnyín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó bá dín kù náà a máa fa yìnyín, òun náà a sì máa jẹ́ kí òṣùwọ̀n lọ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ẹni pé gáàsì ti jò. Kọ́ìlì nílò ooru tí afẹ́fẹ́ ilé ń gbé wá. Bí kò bá rí i tó, òtútù rẹ̀ a lọ sísàlẹ̀ òdo, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a dì mọ́ ọn lára, yìnyín yẹn a sì tún dí ìwọ̀nba ọ̀nà tó kù. Bí a bá da gáàsì sí i nígbà náà, yóò pọ̀ jù lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá là. Mo ní, “Ẹnjiníà, ẹ fún mi ní wákàtí mẹ́rin.” A pa ẹ̀rọ náà, a fi abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ nìkan sílẹ̀ kí yìnyín lè yọ́, a gbé korobá sábẹ́, a sì yọ asẹ́ mi kúrò. Nígbà tí a tún tan án láìsí asẹ́, afẹ́fẹ́ tú jáde débi tí kátẹ́ẹ̀nì yàrá Màmá ń fò. Òṣùwọ̀n gòkè padà sí ibi tí ó yẹ kí ó wà. Ó wò mí, mo wò ó. Kò rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn.

Asẹ́ tí mo yọ náà ti tẹ̀ kọrọdọ sínú, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n bí gàrí tí wọ́n yan jù, lẹ́yìn ọjọ́ 17 péré. Mo gbé e lọ fi han Màmá, tí wọ́n fi ọdún tí n kò lè ka sẹ́ ògì tà kí wọ́n tó tọ́ wa yanjú. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ aṣọ rẹ̀ wò. “Èyí mà ki o,” ni wọ́n wí. “Aṣọ tó ki dára fún ògì, á jẹ́ kí ó kúnná. Ṣùgbọ́n ìwọ fi aṣọ tó ki dí ẹnu ìkòkò kékeré, o sì ń da ògì lù ú ní ìdàkudà. Èèrí á dí i. Aṣọ ńlá ni à ń ta sórí ìkòkò ẹlẹ́nu gbàgàdà.” Mo ti kọ́ ọmọ ènìyàn ní ẹ̀kọ́ yíya àwòrán ilé fún ọgbọ̀n ọdún, kò sì wá sí mi lọ́kàn láti wo bí ẹnu ìkòkò náà ti tó.

Ọjọ́ 21, oṣù Ṣẹẹrẹ. N kò fẹ́ fi ìméfò ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, nítorí náà mo wá ohun ìwọ̀n. Rọ́bà funfun tí àwọn bíríkìlà máa ń kún fún omi láti fi mọ̀ bóyá ilé dọ́gba ni mo yá. Mo gé ìwọ̀n apá kan nínú rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ bí lẹ́tà U, mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó pẹ̀lú rúlà onímílímítà ní àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, mo sì bu zobo díẹ̀ sínú rẹ̀, nítorí omi lásán kò hàn sí ojú àgbà. Ẹsẹ̀ kan ṣí sílẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èkejì gba ihò kékeré kan wọ inú àpótí pákó, lẹ́yìn asẹ́. Bí abẹ̀bẹ̀ bá ti ń fa afẹ́fẹ́, yóò fa zobo sókè ní ẹsẹ̀ tó wà nínú, ìyàtọ̀ gíga méjèèjì ni yóò sì sọ bí asẹ́ náà ṣe ń fún ẹ̀rọ lọ́fun tó.

Láìsí asẹ́, zobo kò sún ju mílímítà 1 lọ. Mo fi asẹ́ MERV 13 tuntun sí i: ó sún dé 11. Mo fi èyí tó ti dọ̀tí sí i fún ìṣẹ́jú kan péré: 19. Ẹnjiníà ní MERV 8 kan nínú ọkọ̀ rẹ̀ tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ kan ní Lẹ́kí. Èyí dúró ní 6. Ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ náà ni pé àpapọ̀ ìnira tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lè fara dà kò gbọ́dọ̀ ju ìdajì íǹṣì omi lọ, ìyẹn mílímítà 12 àti díẹ̀, ọ̀pá àti ojú páànù gbogbo sì wà nínú rẹ̀. Asẹ́ mi tuntun nìkan ti jẹ 11. Ìfé tí inú mi dùn sí nígbà yẹn, ìró ohun tí wọ́n fún lọ́rùn ni.

Ìṣirò tó kù kò le. Ẹ̀rọ BTU 36,000 ni (BTU ni wọ́n fi ń sọ bí agbára ìtutù ẹ̀rọ ti tó), èyí tí wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀nù 3, àwọn oníṣẹ́ a sì máa ka afẹ́fẹ́ bí ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì 400 sí tọ́ọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,200. Ojú asẹ́ 16 × 25 kò ju ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 2.8 lọ. Bí gbogbo afẹ́fẹ́ yẹn bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, yóò máa sáré bí ẹsẹ̀ bàtà 430 ní ìṣẹ́jú, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 300 ni asẹ́ aláṣọ kíká ń fẹ́ kí ara tó tù ú. Bí a bá ṣí ẹnu kejì tó tó ti àkọ́kọ́, eré náà yóò já sí ìdajì, 215.

Ọjọ́ 24 àti 25, oṣù Ṣẹẹrẹ. Káfíńtà wá ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àpótí pákó náà kò gbé ẹrù ilé kankan, nítorí náà gígé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì, tó kọjú sí yàrá ìjẹun, kò le. Mo fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà 16 × 25, a fi férémù pákó yí i ká nínú pẹ̀lú etí tí asẹ́ yóò jókòó lé, oníwíńdò alumí kan ní Sábó sì ṣe ojú páànù tó bá a mu fún wa lọ́jọ́ kejì.

Ohun tí a kò wá ni a rí. Nígbà tí káfíńtà tan iná fóònù rẹ̀ sí inú àpótí náà, ó ké pè mí: “Bàbá, ẹ wá wo nǹkan.” Ní orí àpótí, níbi tí páìpù gáàsì gbà wọlé, ihò kan wà tó gba ìkúùkù mi, tí ẹnikẹ́ni kò dí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́lé. Awọ tí aláǹgbá bọ́ sílẹ̀ rọ̀ mọ́ etí rẹ̀, ó sì ń mì lẹ̀lẹ̀ sí inú pẹ̀lú afẹ́fẹ́. Ó túmọ̀ sí pé láti ìgbà yìí wá, ẹ̀rọ náà ń fa ooru òkè àjà, eruku rẹ̀ àti ìgbẹ́ àdán mọ́ afẹ́fẹ́ tí Màmá ń mí, láìgba inú asẹ́ kankan kọjá. Bí asẹ́ bá ṣe ki tó ni ihò náà ń fà tó, nítorí afẹ́fẹ́ a máa wá ibi tó rọrùn gbà. Mo gbà báyìí pé ihò yẹn fa ikọ́ ju eruku ojú pópó lọ. A fi páànù pẹlẹbẹ bò ó, a fi sílíkónì yí páìpù náà ká, a sì fi téèpù fàdákà lẹ gbogbo oríkèé àpótí náà. Lẹ́yìn èyí ni mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi ọṣẹ fọ kọ́ìlì, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ kí páànù tín-ín-rín rẹ̀ má baà tẹ̀, mo sì bu omi sínú àwo tó wà lábẹ́ rẹ̀ títí mo fi rí i pé ó ń ṣàn jáde lẹ́yìn ògiri.

MERV 13 méjì tuntun, ọ̀kan ní ẹnu kọ̀ọ̀kan: zobo dúró ní 5. Kò súfèé. Mo fi tẹmómítà wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, 28, àti èyí tó ń jáde ní yàrá Màmá, 18. Ìyàtọ̀ 10 yẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Nọ́ḿbà tí ẹ̀gbọ́n mi yàn kò jẹ̀bi, nítorí náà mo pè wọ́n mo sì sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n béèrè bóyá ẹnu kejì yẹn ba ẹwà yàrá ìjẹun jẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ 1, oṣù Èrèlé. Ọjọ́ yìí ni mo ya sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ kéékèèké ara ògiri ní àwọn yàrá òkè. Asẹ́ tiwọn kì í ṣe ohun tí à ń pààrọ̀, néètì ọ̀rá ni, à ń yọ ọ́ ni, a ó fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, a ó sì sá a sí ibòòji, nítorí oòrùn a máa ká a bí ewé gbígbẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń ṣe é nígbà ọyẹ́, oṣù kan nígbà òjò. Ọmọ-ọmọ Màmá ti gé ìbòmú kan lẹ̀ mọ́ ti yàrá tirẹ̀ kí ó lè mú eruku kíkúnná. Mo yọ ọ́, mo sì mú ọmọ náà lọ wo zobo.

Ọjọ́ 18, oṣù Èrèlé. Mo fi rọ́bà náà sílẹ̀ sára àpótí, mo fi bírò pupa fa ìlà sí 10. Ó dé ibẹ̀ lónìí, lẹ́yìn ọjọ́ 24, mo sì pààrọ̀ asẹ́ méjèèjì. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n kọ sára páálí wọn. Ẹni tó kọ ọ́ kò gbé Ìgbógbó rí. Ẹyọ kan ló kù nínú mẹ́fà. Mo ti bẹ Ẹnjiníà kí ó bá mi wá MERV 8 méjì dè mí fún ìgbà òjò, tí eruku yóò ti rọlẹ̀. MERV 13 yóò di ti ọyẹ́ nìkan.

Ọjọ́ 11, oṣù Ẹrẹ́nà. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lánàá. Màmá kò húkọ́ ní òru, ṣùgbọ́n òjò lè gba ìyìn nínú ìyẹn. Ọmọ-ọmọ wọn ka zobo fún mi lórí fóònù láàárọ̀: 7. Mo ní kí ó bu omi kún un, nítorí ó ti ń gbẹ.